Bí Ọmọrí Gíríìlì Amọ̀ Kò Ṣe Ní Dì Pa Lásìkò Òtútù

Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Òmù-Àrán tí ẹ wà ní Edmonton, Calgary, Winnipeg àti Saskatoon, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ààwẹ̀ ti ń bọ́ sí ìgbà yìnyín báyìí. Ti ọdún 2026 bọ́ sí oṣù kejì mọ́ oṣù kẹta, nígbà tí ilẹ̀ ṣì funfun báláú lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹran sísun ṣínu á jáde sẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, á di ọwọ́ gíríìlì mú, á fà á sókè, kò ní mira. Ìpè tó máa ń wọlé sórí fóònù mi nìyẹn: "Bùọ̀dá, ọmọrí ò ṣí o, àwọn àlejò sì ti ń bọ̀." Edmonton ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ kí n tó padà wálé, ilé ìyá mi sì ni Dada ní Òkèlélé ní Ìlọrin, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran. Wọ́n wá gbà pé tí ọ̀rọ̀ bá ti kan amọ̀ àti òtútù, èmi ni kí wọ́n bi.

Ìdáhùn mi kì í yí padà: alẹ́ àná ni nǹkan ti bàjẹ́. Omi tí ẹ fi sílẹ̀ sẹ́nu gíríìlì lẹ́yìn tí ẹ sun ẹran tán ló di yìnyín mọ́jú. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ má jẹ́ kí omi sùn síbẹ̀.

Ibi tí omi ti ń wá

Gíríìlì tí mò ń sọ ni ìkòkò amọ̀ ńlá tó nípọn, tó ní ọmọrí amọ̀ tó wúwo, ínjì onísípíríǹgì lẹ́yìn (irin tí ọmọrí fi ń ṣí, tó sì fi ń padé), ojú atẹ́gùn kan nísàlẹ̀, òmíràn lórí. Ìrẹsì ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ sè ní ilẹ̀ Jàpáàn láyé àtijọ́. Àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì gbé e lọ sílé, ilé iṣẹ́ Big Green Egg sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Atlanta lọ́dún 1974. Atlanta kì í ṣe ìlú yìnyín. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ bí wọ́n ṣe ń dáná nínú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ nínú òtútù.

Láàárín ọmọrí àti ara ìkòkò, gásíkẹ́ẹ̀tì kan wà tó yí ẹnu rẹ̀ ká. Ti àwọn kan jẹ́ ọ̀já aṣọ tó nípọn, tó sì rọ̀. Ti àwọn mìíràn jẹ́ okùn gíláàsì àti wáyà tínínrín tí wọ́n hun pọ̀. Èyí tó jẹ́ aṣọ ló ń fa wàhálà jù, nítorí ó ń mu omi.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkíní, èédú tó ń jó ń tú omi jáde, ẹran tó wà lórí rẹ̀ náà ń tú omi jáde. Nígbà tí iná ń jó, gbogbo rẹ̀ ń bá èéfín jáde lókè, ẹ ò ní rí i. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ẹran kúrò tán, tí ẹ wá dí òkè àti ìsàlẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà kí èédú tó ṣẹ́kù má bàa jó dànù, ooru tó kún fún omi ti há sínú nìyẹn. Bó ṣe ń tutù, inú ọmọrí á máa làágùn, òógùn náà á sì ṣàn wá sẹ́nu, níbi tí gásíkẹ́ẹ̀tì wà. Ẹni tó sun ẹran tútù pẹ́ lórí iná jẹ́jẹ́ ló ń jìyà èyí jù. Mo mọ àwọn tó fẹ́ fi gíríìlì yìí gbẹ ẹran kó lè dà bíi tínkó Ìlọrin: wákàtí márùn-ún, mẹ́fà ni ẹran fi ń tú omi sílẹ̀, iná ò sì gbóná tó láti gbẹ ẹnu gíríìlì.

Ọ̀nà kejì ni yìnyín tó bá bọ́ sórí ọmọrí. Ara ọmọrí tó gbóná á yọ́ ọ, omi rẹ̀ á ṣàn sílẹ̀ títí dé ojú ibi tí ọmọrí àti ìkòkò ti pàdé, á sì dúró síbẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni amọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n fi nǹkan dídán ra ẹ̀yìn rẹ̀, omi ò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ àti etí ẹnu rẹ̀ lálàfo tíntìntín bíi ti àmù tí a fi ń mú omi tutù nílé, tí omi máa ń jẹ jáde lára rẹ̀ tó fi ń tutù.

Omi tó bá dì máa ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Nínú gásíkẹ́ẹ̀tì, ó ń wú láàárín fọ́nrán aṣọ, á di ọmọrí mú lókè, á di ìkòkò mú nísàlẹ̀. Ẹni tó bá wá fi agbára fà á, gásíkẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ ya.

Ọ̀tá mìíràn wà tí kì í ṣe omi: ọ̀rá. Ẹ rántí bí epo pupa ṣe máa ń dì nínú ìgò nígbà ọyẹ́ nílé, tí a ó gbé ìgò náà sínú oòrùn kó tó ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ Ìlọrin ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òru oṣù kìíní ní Alberta, tó máa ń lọ sí ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo, tó sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ọ̀rá màlúù àti ti àgùntàn tètè ń dì ju epo lọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rá ti rin yóò lẹ̀ mọ́ ọmọrí bó tilẹ̀ gbẹ pátápátá.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ òrí. Gbogbo wa la ní òrí nínú báàgì tí a bá ń rìnrìn àjò, ẹnìkan á sì máa rò pé bí òun bá fi pa gásíkẹ́ẹ̀tì, ọmọrí á máa yọ̀. Ẹ fi òrí pa ẹsẹ̀ yín. Nínú òtútù yẹn, òrí á le bí òkúta, á sì di àtè. Nígbà tí iná bá dé, á yọ́ wọnú aṣọ náà, á sì máa jó. Bákan náà ni òróró ìdáná.

Kí òtútù tó wọlé

Oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ló yẹ kí ẹ ṣe èyí, nígbà tí ọwọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ níta. Ẹ kó gbogbo eérú kúrò, nítorí eérú ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, á sì máa rin ìdí ìkòkò títí. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha ọ̀rá tó ti le kúrò lójú gásíkẹ́ẹ̀tì. Kò gbọdọ̀ kan ọṣẹ, kò gbọdọ̀ kan omi. Ẹ fi sípánà dán àwọn bóòtì ọ̀já irin tó di ọmọrí àti ìkòkò mú wò, torí tí wọ́n bá tú, ọmọrí ò ní jókòó dáadáa, àlàfo tó bá sì ṣí sílẹ̀ ni yìnyín á gbà wọlé. Tí gíríìlì bá wà lábẹ́ etí òrùlé, ẹ sún un kúrò: omi tó ń kán látorí òrùlé lọ́sàn-án ló ń dì lálẹ́. Èédú, inú ilé ni kó wà, nínú ike tó ní ìdérí. Èédú tó ti fa omi ń ta pàrà-pàrà, omi rẹ̀ sì tún ń lọ bá gásíkẹ́ẹ̀tì.

Lálẹ́ tí ẹ bá sun ẹran tán

Bí ẹ ò bá ní ṣe ohun mìíràn nínú gbogbo èyí tí mo kọ, ẹ ṣe èyí.

1. Tí ẹran ìkẹyìn bá ti kúrò lórí iná, ẹ má dí nǹkankan. Ẹ ṣí ojú atẹ́gùn òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ọmọrí wà ní pípadé, kí iná lè ru. Ẹ jẹ́ kó dé nǹkan bí 200°C lórí tẹmómítà, kó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ooru yìí ló ń lé omi kúrò lára amọ̀ àti nínú gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má jẹ́ kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, torí gásíkẹ́ẹ̀tì aṣọ lè jóná. Èédú díẹ̀ á lọ sí i. Àwọn kan máa ń ṣahun níbí; èédú ẹ̀kúnwọ́ kan kò tó iye tí wọ́n ń ta gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

2. Ẹ wá dí ìsàlẹ̀ pa pátápátá, ṣùgbọ́n kí ẹ fi òkè sílẹ̀ díẹ̀, bí ìbú ìka kan. Iná á máa kú díẹ̀díẹ̀ nítorí atẹ́gùn ò wọlé nísàlẹ̀ mọ́, ooru tó kù á sì máa rí ọ̀nà jáde. Tí yìnyín bá ń bọ́ lọ́wọ́, ẹ dọ́gbọ́n sí i kó má bàa wọ ibẹ̀. Àwọn kan ní ìdérí irin kékeré tó ń bo ojú ihò náà láìdí i.

3. Ẹ padà wá nígbà tí ara gíríìlì bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ lè gbé ọwọ́ lé ọmọrí láìfà á kúrò. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè bí ìka méjì, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó gbé e tán. Ẹyín iná tó ń wá atẹ́gùn lè fò lù yín lójú tí ẹ bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òtútù kò sì sọ pé kó má ṣẹlẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu etí ẹnu yípo, lókè àti nísàlẹ̀.

4. Ẹ ká fọ́ìlì sí ọ̀já pẹlẹbẹ, kó fẹ̀ ju gásíkẹ́ẹ̀tì lọ díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ yí ẹnu gíríìlì ká, kí ẹ wá pa ọmọrí dé lé e. Tí omi bá tún dì mọ́jú, fọ́ìlì ló máa lẹ̀ mọ́, fọ́ìlì sì ń ṣí kúrò wẹ́rẹ́. Àwọn kan ń lo páálí tàbí bébà ìyan àkàrà òyìnbó, àwọn mìíràn a ki igi pẹlẹbẹ méjì bọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì kí ọmọrí má fara kan ìsàlẹ̀ rárá. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bébà àti igi ń jóná, ẹni tó bá sì gbàgbé wọn síbẹ̀ kó tó dáná á rántí nígbà tí èéfín bá sọ fún un. Fọ́ìlì ni tèmi.

5. Lọ́jọ́ kejì, kó eérú. Ẹyín iná máa ń wà láàyè lábẹ́ eérú ju bí ojú ṣe rí i lọ, nítorí náà inú garawa irin tó ní ìdérí ni kí ẹ dà á sí, kó wà níta, kó jìnnà sí ògiri onígi àwọn ilé yín wọ̀nyẹn.

Bíbò rẹ̀

Tápólì tàbí aṣọ tí wọ́n rán fún un dára, bó bá jẹ́ irú èyí tó ń mí. Náílọ̀n tó ń dì gágá ń há omi mọ́ inú ni. Ẹ má bò ó nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì gbọn yìnyín dànù lórí rẹ̀ kó tó wúwo.

Ẹni tó ní gáréèjì lè tì í wọ ibẹ̀, bí gíríìlì náà bá ti kú fún ọjọ́ kan gbáko. Ṣùgbọ́n ẹ má dáná nínú gáréèjì rárá, kódà bí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí. Èédú tó ń jó, títí kan èyí tó dà bíi pé ó ti kú, ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan sílẹ̀ tí kò lóòórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Ó ń pa èèyàn lójú oorun. Ìgbà òtútù ló ń pa wọ́n jù, torí ìgbà yẹn ni kálukú ń wá ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bó bá ti dì ńkọ́?

Tí ẹ bá fẹ́ ṣínu pẹ̀lú rẹ̀, àsìkò Àlàásárì ni kí ẹ ti lọ wò ó, kì í ṣe ìgbà tí Mọ̀gáríbì bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ìkánjú ló ń fọ́ ọmọrí.

Ẹ fi ìgbálẹ̀ gbọn yìnyín orí rẹ̀ kúrò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ tútù tó bá kan irin nínú òtútù bẹ́ẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn kó sì ṣí láwọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ ọmọrí sókè pẹ̀lú agbára tí ẹ máa ń lò lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá dá yín lóhùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tó dára jù nílé ni dráyà tí a fi ń gbẹ irun. Ẹ fa wáyà rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹsténṣọ̀n tó wà fún ìta, ẹ tan án, kí ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀ lójú ibi tí ọmọrí àti ìkòkò ti pàdé, kó jìnnà sí i bí àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ má dúró lójú kan. Iwájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yí i dé ìdí ínjì, kí ẹ tún padà. Ó lè gba ìdajì wákàtí nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Omi tó bá ń yọ́, ẹ máa nù ún kíákíá, nítorí tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ó ń padà dì níbòmíì ni.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí èédú ṣẹ́kù sínú gíríìlì rẹ̀. Ẹ yọ ìdérí òkè, ẹ ṣí ìsàlẹ̀, kí ẹ tan ọ̀kan nínú àwọn ohun ìdáná kékeré tí wọ́n fi ìda àti ìyẹ̀fun igi ṣe, kí ẹ fi ẹ̀mú jù ú sórí èédú láti ihò òkè. Iná á ràn díẹ̀díẹ̀ láti inú, á sì yọ́ yìnyín ẹnu fúnra rẹ̀. Ẹ má bẹ ojú wo inú ihò náà. Bí ẹ bá ti gbé àwo amọ̀ tó ń dí iná lójú sínú rẹ̀ láti àná, ohun ìdáná ò ní dé ọ̀dọ̀ èédú. Nígbà náà, ojú atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà, kí ẹ kọ́kọ́ fa eérú jáde, kí ẹ wá fi igi gígùn tì í sábẹ́ ààrò irin tí èédú wà lórí rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń gbọ́ pé àwọn kan ṣe: wọ́n da omi gbígbóná lé e. Amọ̀ tó ti dì, tí ẹ bá bu omi híhó lù ú, á sán. Bí kò bá tilẹ̀ sán, omi yẹn á wọ gásíkẹ́ẹ̀tì, á sì dì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ẹ tó wọlé padà. Iyọ̀ tí wọ́n ń fọ́n sójú ọ̀nà yóò mú ọ̀já irin dípẹtà. Ọ̀bẹ àti sikirudiráfà ń ya gásíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń ké amọ̀ létí. Òòlù, mi ò sọ nǹkankan.

Iná àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó ṣí

Ní Dada, kò sí ẹni tó máa gbé ìkòkò tí kò tíì gbẹ dénú síbi tí wọ́n ti ń sun ún. Omi tó há sínú amọ̀ ń di ooru lójijì, kò sì sí ọ̀nà tó máa gbà jáde ju kó fọ́ ìkòkò lọ. Wọ́n ti sun amọ̀ gíríìlì yín ní iléeṣẹ́ rẹ̀, ó lágbára ju ìkòkò tútù lọ, ṣùgbọ́n omi tó wọnú rẹ̀ nínú òtútù ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà. Ẹ jẹ́ kí iná rọra dé nǹkan bí 100°C sí 120°C, kó wà níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, tí inú ọmọrí yóò fi dáwọ́ òógùn lílà dúró, kí ẹ tó jẹ́ kó ru. Ẹ ṣètò ẹran yín sí i: ẹran tó gba iná jẹ́jẹ́ ni kó kọ́kọ́ gorí rẹ̀, kí ẹ fi ti súyà sẹ́yìn.

Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ibi dídán kì í ṣe nǹkan. Èyí tó bá la ọmọrí já láti ẹ̀yìn dé inú, ẹ má dáná nínú rẹ̀ mọ́. Ti àpótí iná inú lọ́hùn-ún, ìyẹn amọ̀ tí èédú ń wà nínú rẹ̀, máa ń sán, ọ̀pọ̀ ló sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Fún àwa tí a wà nílé

Àwọn tó kó ẹrù bọ̀ láti òkè òkun ti ń gbé irú gíríìlì yìí wọ Ìlọrin, a sì ń rí i ní àgbàlá àwọn ẹlòmíràn ní GRA àti Tanke. Yìnyín ò ní dé ibí, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń mú ọ̀rá le, eruku rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tó lọ́ràá. Ẹ ha á, kí ẹ sì bò ó. Tiwa gan-an ni ìgbà òjò: gíríìlì tí ẹ pa dé, tí ẹ ò lò fún oṣù méjì, á bu nínú, ohun funfun á sì bo ibi tí ẹran ń wà. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ dá iná ńlá sínú rẹ̀ láìgbé oúnjẹ lé e, ohun funfun náà á jó tán, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ha ojú irin.

Bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti ya

Ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó ni ẹ ti ń pààrọ̀ rẹ̀, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í mú nínú òtútù. Ẹ lè lo èyí tó ya títí di ìgbà náà, bí ó bá ń jẹ́ kí èéfín yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹran á jiná, èédú ló kàn máa pọ̀ sí i. Tí ìgbà bá tó, ẹ ha ti àtijọ́ kúrò tán pátá, àti gọ́ọ̀mù rẹ̀, kí ojú amọ̀ mọ́ kedere. Ẹ lẹ tuntun láìfà á gùn, nítorí èyí tí a bá fà gùn, á sún kì tí iná bá dé, á sì fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí ìdí méjèèjì ti pàdé. Ẹ fi ibi ìpàdé náà sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínjì. Ẹ pa ọmọrí dé lé e di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dáná, kí iná àkọ́kọ́ sì jẹ́ jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá ń rà á, ẹ bèèrè irú èyí tí wọ́n fi okùn gíláàsì hun, bó bá bá gíríìlì yín mu. Owó rẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mu omi tó ti aṣọ.